Owó Èéfín ní Oko Olówó

Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ èéfín ní Oko Olówó.
Wọ́n fún mi ní àga oníke kan, ìwé ńlá kan,
àti ẹ̀rọ kékeré tí ń gbóòórùn ìdí ọkọ̀.
Bí ọkọ̀ bá tu èéfín dúdú, n ó kọ nọ́mbà rẹ̀,
ọ́fíìsì á kọ lẹ́tà, ẹlẹ́ṣẹ̀ á sanwó,
owó á lọ síbi tí owó ń lọ.

Ó rọrùn fún onínọ́mbà Kwara.
A mọ ilé rẹ̀: ìkejì sí mọ́ṣáláṣí, ní Pàkátà.
Kí Jímọ̀ tó yí ká, lẹ́tà ti dọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gba Ṣikáńdà wọlé ńkọ́,
tí nọ́mbà rẹ̀ dà bí èdè tí wọn ò kọ́ wa níléèwé?

Lẹ́tà mẹ́tàdínlógójì la kọ
sí Níkì, sí Paraku, sí Kútọnu.
Ẹyọ kan ló padà, òǹtẹ̀ mẹ́rin lójú rẹ̀
bí ọmọ tó bọ́ sọ́wọ́ olóòlà mẹ́rin.
Ìyókù wọlẹ̀.
Ọ̀gá ní: "Bí ẹ ò bá bá wọn nílé, ẹ mú wọn lọ́nà."
Wọ́n bá kó irin dé, èyí tí wọ́n fi ń há ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Ọjọ́ Àlàmísì la há ẹsẹ̀ lọ́rì Sábì Wọ́rù,
àpò kajú dé òkè, èéfín bí ìdí ìkòkò aláró.
Mo ní, "Bàbá, gbèsè yín di mẹ́rìnlá."
Ó wo ìwé, ó wo irin, ó jókòó sórí táyà àlòkù kan.
"Ọkọ̀ yìí," ó ní, "àwọn Òyìnbó lé e nílùú wọn
nítorí èéfín yìí kan náà.
Wọ́n tà á fún wa ní Kútọnu. A rà á. Ó ń rìn.
Níbo ni ẹ̀yin náà fẹ́ lé e lọ?"

Ìdáhùn wà nínú ìwé mi, tèyí ò sí níbẹ̀.
Mo ní, "Ràfátù àbúrò mi ń sùn níjòókòó,
ikọ́ fée ò jẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀."
Ó dákẹ́. Ó tú sẹ́fà létí ṣòkòtò.
Ìwé wa ò mọ sẹ́fà.
A wá ẹni tó ṣẹ́ ẹ fún un; ó san méjì nínú mẹ́rìnlá,
ó ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ lòun ó san ìyókù.
Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.

Bí a ti ń tú irin ni jíìpù dúdú kan dé,
nọ́mbà Kútọnu, gíláàsì rẹ̀ bí òru.
Ẹ̀rọ mi figbe ta.
Gíláàsì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀: Bàbá Àkànbí, ti ilé wa ní Ìdí-Àpẹ́,
tí kò kọjá Kàyámà rí.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ò rí nọ́mbà mi ni? Àlejò ni mí."
Ó tẹná mọ́ ọkọ̀.

Wọ́n ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè,
ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án.
Àlejò tó wá jẹ gbèsè fúnra rẹ̀,
tó fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún àyà Ràfátù láti san,
kí la ti ń pè é?

Nírọ̀lẹ́ mo fun imú sí áńkáṣíìfù funfun.
Dúdú ni. Kò sí nọ́mbà lára rẹ̀.
Mo gbé ìwé sórí eékún, mo kọ lẹ́tà kejìdínlógójì:
Ìdí-Àpẹ́, agboolé wa, yàrá tó kọjú sí kànga.
Èyí ò ní kọjá ibodè kankan.
Ẹsẹ̀ ara mi ni n ó fi mú un lọ.
N ó kúnlẹ̀ kí i ná, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni.
Lẹ́yìn náà n ó ní kó fọwọ́ sí i.